Bàálù Tí Kò Dún Lápá Bùnù

Èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Kàbà. Mo ti fi àdá pa òkà lójú ọ̀nà oko, mo sì ti fi ohùn ẹnu mi nìkan lé àwọn olè sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, kí ẹ mọ̀ pé ohun tó mì ín kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i. Ojú Súlè méjèèjì náà wà níbẹ̀. Ojú mẹ́rin kì í pa irọ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà, ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà má rẹ́rìn-ín sí mi létí.

Èmi ni mo ń ṣọ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú wa. Àwọn kan ń pè é ní iṣẹ́ mégáàdì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí èmi àti Súlè bá pa jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ lónìí, gbogbo fóònù tó wà ní Kàbà á di òkúta lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Súlè ló ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ náà. Ọmọ Kàbà bíi tèmi ni, mùsùlùmí, aláwàdà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo jù ú lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ síwájú. Láti Ògìdì títí dé Amuro, kò sí ẹni tó mọ bàálù tó mi. Nígbà tí mo ṣì lágbára, mo ṣe lébírà ní Àbújá, níbi tí a ti ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi pápákọ̀ òfúrufú. Bí àwọn yòókù bá lọ jẹun, èmi á gun orí búlọ́ọ̀kù, màá máa wo bí bàálù ṣe ń bà àti bí wọ́n ṣe ń gbéra. Ìwé mi kò pọ̀, kíláàsì kẹrin ni mo ti jáde, nítorí náà mo fún wọn lórúkọ fúnra mi.

Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ so rọ̀ sábẹ́ apá méjèèjì, Alápò-Méjì lorúkọ rẹ̀. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́bàá ìrù, bí obìnrin tó pọn ìbejì, Apọnmọ nìyẹn. Èyí tó ń yí abẹ́bẹ̀ níwájú apá, tó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta, Abẹ́bẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, n kò ní tíì gbójú sókè tí màá ti sọ irú èyí tó jẹ́ fún ọ, láti inú ìró rẹ̀. Bó bá wá súnmọ́, ìrù rẹ̀ ni màá fi mọ ẹni tó ni ín, nítorí gbogbo wọn ló ní àwọ̀ tàbí àmì tí wọ́n kùn sí ìrù, bí ẹni pé ilà ojú ni.

Àwọn tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá, apá Amuro ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà kọjá. Láti orí òkè wa, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, à ń rí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n apá Bùnù, níhà Odo-Ape lọ́hùn-ún, bàálù kankan kì í gba ibẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti lò lórí òkè yẹn, n kò rí ẹyọ kan rí níbẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀, nígbà ọyẹ́ tó kọjá, pé ọmọ mi obìnrin, Dúpẹ́, rí iṣẹ́ ní Àbújá. Èkó ló wà nígbà náà, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí nísinsìnyí, àwọn ajínigbé ti sọ igbó di ilé. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ pé ọmọ mi kò ní fi ọkọ̀ ilẹ̀ rin ìrìn àjò náà. Bàálù ló máa wọ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ wọ bàálù nínú gbogbo ìdílé wa.

Ṣé mo dákẹ́? N kò dákẹ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń mu ẹmu, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wá ra ẹgẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní bí bàálù ọmọ mi bá ń kọjá, màá dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún, màá sì kí ọmọ mi láti orí òkè.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò náà, Súlè rí mi tí mo ń pọ́n òkè bọ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹrù pẹlẹbẹ kan lábẹ́ apá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀kadà ni ọmọ yín gùn, tí ẹ óò fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ sì kí i?"

"Wo ohun tí mo gbé, kí ẹnu rẹ pa dé."

Dígí ìyàwó mi ni, èyí tó fẹ̀, tó máa ń gbé kọ́ sí yàrá. Ẹ gbà mí gbọ́, bí oòrùn bá bọ́ sínú dígí, tí o bá yí i síbi tó yẹ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dé ibi tí ohùn ènìyàn kò lè dé láéláé. Èmi àti Dúpẹ́ ti fi àdéhùn sí i lórí fóònù. Kó jókòó sápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá ti rí bàálù rẹ̀, màá ta ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun náà á tan iná fóònù rẹ̀ mọ́ fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láti dá mi lóhùn.

Súlè wo dígí, ó wò mí. "Ìyá Dúpẹ́ mọ̀ pé ẹ gbé e?"

"Ṣé o ti da dísù sínú jẹnẹrétọ̀?"

"Áà! Kò mọ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá itan. "Allah á gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀."

A jókòó sí abẹ́ òpó. Mo ń wo apá Amuro. Àkókò tí Dúpẹ́ sọ dé, ó kọjá. Apọnmọ kan kọjá, kì í ṣe tirẹ̀, Alápò-Méjì ni tirẹ̀. Abẹ́bẹ̀ kan kọjá, kò jọ ọ́ rárá. Ọyẹ́ bo orí igi bí èéfín, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo pe fóònù Dúpẹ́, kò wọlé. Mo ní ìyẹn dára, ó ti pa á, ó ti wà lókè nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá ó ti kọjá nígbà tí ẹ lọ tọ̀."

"Súlè, èmi?"

"Mo kàn sọ ọ́ ni. Ìlú ń retí ìròyìn. Màá sọ fún wọn pé bàálù kọjá, ìtọ̀ ló fà á tí Bàbá kò rí i."

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Mo ti fọ́nnu jù. Inú gbígbóná yẹn ni mo wà nígbà tí mo yíjú sẹ́yìn, sápá Bùnù.

Bàálù kan wà níbẹ̀.

Kò ga. Ó rọra ń bọ̀ nínú ọyẹ́ níhà Odo-Ape, funfun, bí ẹni tó ń wá ilé. Mo mọ̀ pé bàálù kì í gba ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé awakọ̀ yà nítorí ọyẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ tọmọ mi. Ohun tó pa mí lára nìyẹn, mo fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ nítorí kí Súlè lè panu mọ́.

Mo gbé dígí. Mo wá oòrùn, mo rí i, mo yí i. Mo ta ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó dá mi lóhùn.

Láti inú ọ̀kan nínú àwọn fèrèsé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Mo fò sókè! "Dúpẹ́ ni! Súlè, ó rí mi! Ọmọ mi rí mi!"

N kò gbọ́ kí Súlè rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti dìde, ó gbé etí sọ́nà. Ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, bàálù yìí kò dún."

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ wa ń dún, ewúrẹ́ ń ké nísàlẹ̀ òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ohun ńlá yẹn wà lókè bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́ bí àwòrán.

Mo wá fi ojú oníṣẹ́ wò ó, bó ṣe yẹ kí n ti wò ó tẹ́lẹ̀. N kò lè fún un lórúkọ. Bí mo bá wo abẹ́ apá rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó gbé àpò méjì. Bí mo bá ṣẹ́jú, àpò kò sí mọ́, ó ti di ẹni tó pọnmọ. Ìrù rẹ̀ sì funfun lásán. Kò ní àwọ̀, kò ní àmì, kò ní ìwé. Èmi tí mo mọ gbogbo wọn, mo dúró bí ọmọ tí olùkọ́ bi ní ìbéèrè.

Fóònù mi dún nínú àpò.

"Bàbá, ẹ má bínú o." Dúpẹ́ ni. "Wọ́n ní bàálù wa ti pẹ́. Ibi tí mo jókòó sí, fóònù kò wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni. Àwa ṣì wà ní Èkó. Wọ́n ní ká máa bọ̀ wá wọ̀ ọ́ báyìí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ dúró díẹ̀. Ọmọ mi wà ní Èkó. Ta ló dá mi lóhùn?

"Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Dúpẹ́, ṣé o kò lè fi ọkọ̀ ilẹ̀ lọ lọ́la?"

"Bàbá! Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má gba ilẹ̀. Lọ́la ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní kó má wọ bàálù, ilẹ̀ ló máa gbà, igbó ni, ìbọn ni. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí fún un, á ní ẹmu ti wọ̀ mí lórí. Mo ní, "Kò sí nǹkan. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì gbàgbé àdéhùn wa. Fóònù kú.

Bàálù náà kò lọ. Ó ń yí po lókè Bùnù bí àṣá tó rí adìyẹ. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ á tún tàn nínú fèrèsé kan náà. Ó ń dúró de ẹni tó pè é.

Súlè kò ṣàwàdà mọ́. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí n gbé dígí dojú bolẹ̀. Mo gbé e dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ti sọ ọ́, n kò sì tijú.

A dúró bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. N kò lè sọ̀kalẹ̀, nítorí ọmọ mi máa kọjá. Bí mo bá wo apá Amuro, ẹ̀yìn mi á tutù. Bí mo bá wo apá Bùnù, ọkàn mi á sáré lọ sí Amuro.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, ìró gidi, ìró bàálù ẹlẹ́jẹ̀ ẹlẹ́ran. Kí n tó gbójú sókè, mo ti mọ̀: Alápò-Méjì. Ó yọ lókè Amuro, oòrùn kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Ara mi sọ fún mi pé òun ni. Mo pe orúkọ ọmọ mi.

Èyí tí kò dún sì ṣíwọ́ yíyí. Ó kọjú sí Amuro. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a láti ẹ̀yìn, láìdún, láìyára, ṣùgbọ́n ó ń súnmọ́ ọn. Mo rí i tí àlàfo àárín wọn ń kéré sí i.

"Súlè, ó ń lọ bá ọmọ mi!"

Súlè kò yọ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pè é." Bẹ́ẹ̀ ló sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ tún un pè."

Mo gbé dígí. Oòrùn kò kù ju ìlàjì lọ lórí òkè, ó pupa, kò lágbára mọ́. Mo yí dígí síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ń wá ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá omi nínú àpáta. Mo rí díẹ̀. Mo tà á mọ́ ohun yẹn. Kò wò mí. Mo tún tà á. Mo ń kígbe, "Èmi nìyí! Èmi ni mo pè ọ́! Fi ọmọ sílẹ̀!"

Ó dúró. Bàálù kì í dúró, mo mọ̀. Ó dúró. Ó yí imú rẹ̀ padà, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kò pẹ́ tó fi dé. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ewúrẹ́ dákẹ́. Ó gba orí òpó kọjá, ó súnmọ́ débi pé ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé wa sọ nù, ṣùgbọ́n koríko kan kò mì. Òtútù nìkan ló bò wá. Mo rí àwọn fèrèsé rẹ̀. Kò sí iná nínú rẹ̀. Ojú ènìyàn wà ní fèrèsé kọ̀ọ̀kan, àgbà ọkùnrin, àgbà obìnrin, gbogbo wọn ń wo ìsàlẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí. Wọn kò bínú. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wo ará ilé tó pẹ́ kó tó dé.

Fèrèsé kan ṣófo.

Ó wọ inú ọyẹ́ lọ, ó di ọyẹ́. Nígbà tí mo bojú wo Amuro, ọ̀run mọ́, Alápò-Méjì ti lọ sí Àbújá pẹ̀lú ìró rẹ̀. Súlè dì mọ́ mi. Àgbà ọkùnrin méjì, a dì mọ́ ara wa bí ọmọdé tó jábọ́ lórí igi.

Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ nígbà tí Dúpẹ́ pè. Ó ti balẹ̀. Ara rẹ̀ le. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ṣé o rí mi?"

"Rárá o, Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo gbàgbé. Màmá àgbà kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Màmá wo?"

"Ẹni tó jókòó tì mí. Àga yẹn ṣófo nígbà tí a gbéra, n kò mọ ìgbà tó wá. Mo kàn gbọ́ tí ẹnì kan ní, 'Okun o, ọmọ mi.' Bàbá, inú mi dùn! Nínú bàálù, kí ènìyàn kí mi ní okun, bí a ṣe ń kí ara wa nílé! Ohùn rẹ̀ dà bíi tàwọn ará Bùnù. Ó tilẹ̀ ró aṣọ wọn, èyí tó pupa tó nípọn yẹn."

Ẹ̀yin ọmọ Okun, ẹ mọ aṣọ tó ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, aṣọ ipò ni, àwọn obìnrin Bùnù ló ń hun ún, òun la fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà. Ènìyàn kì í ró o wọ bàálù.

Mo bi í ohun tí obìnrin náà fẹ́.

"Kò fẹ́ nǹkan kan. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ orúkọ yín fún un. Ó ní òun ti pàdé yín, ṣùgbọ́n òun kò mọ ilé. Mo júwe ilé wa fún un, Bàbá. Mo sọ fún un pé tó bá ti kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, kó yà sápá òsì. Nígbà tí a balẹ̀, mo fẹ́ bá a gbé báàgì, n kò rí i mọ́."

Kò sí ẹni tó lè bá ọmọ náà wí. Bí a ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Bí ọmọ Okun bá wà lájò tó gbọ́ okun lẹ́nu àjèjì, ọkàn rẹ̀ á yọ́, á ka ìran bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láti orí dé ìdí. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Dúpẹ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Àbújá, kò mọ nǹkan kan. Súlè ti ní kí wọ́n gbé òun lọ sí òpó mìíràn. Dígí ìyàwó mi ti padà sí yàrá, ìyàwó mi sì ń bi mí ìdí tí mo fi kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

Mo ń sọ fún yín báyìí: bí ọmọ yín bá wà lójú ọ̀run, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ gbàdúrà. Ẹ má jáde síta lọ pe ohunkóhun tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín lájò. Bí ẹnì kan bá kí wọn ní okun, kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n wo aṣọ rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tó sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Èmi, ẹ̀rù kò bà mí. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó yà sápá òsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í jẹ́ kí ìyàwó mi lọ ṣílẹ̀kùn. Èmi náà kì í lọ.